Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ẹni Tí Kò Ríran Ní Fóònù Láì Gba Fóònù Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí ìbéèrè yìí má dé ọ̀dọ̀ mi: "Ojú màmá mi ti lọ, ṣé wọ́n ṣì lè lo fóònù ìgbàlódé?" Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè lò ó. Èmi tí mò ń kọ èyí náà kò ríran. Ohùn inú fóònù mi ló ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mi ò ra ẹ̀rọ àkànṣe kankan. TalkBack ni orúkọ ohùn yìí lórí Android, VoiceOver ni lórí iPhone, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà nínú fóònù tí ẹ mú dání báyìí.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ranni lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Á tan ohùn náà, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí ayékòótọ́, ìka kò ní ṣí nǹkan bó ṣe máa ń ṣí i tẹ́lẹ̀ mọ́, àyà á já a, á pa á. Lẹ́yìn náà á ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa bá yín tẹ̀ ẹ́." Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ ọmọ ni fóònù màmá wà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olùrànlọ́wọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí. Ẹ̀yin tí fóònù ń ka èyí sí létí, ẹ lè fo apá àkọ́kọ́, kí ẹ lọ tààrà síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ìka.

Kí ẹ tó tan ohunkóhun

- Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn náà kí ẹ tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo máa ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́.
- Ẹ fi aṣọ di ojú yín, kí ẹ lo fóònù tiyín bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ ò lè kọ́ èèyàn ní ohun tí ẹ fi ojú ṣe.
- Ẹ kó àwọn áàpù kúrò lójú ewé àkọ́kọ́. Kó ku mẹ́fà péré, ìlà méjì. Ibi tí ẹ bá fi wọ́n sí, ibẹ̀ náà ni kí wọ́n máa wà.
- Ẹ wá íápíìsì, ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo ni kó wà. Etí kejì ni ẹni náà fi ń mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀.
- Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá dojú kọ ọ́, ọ̀tún yín ni òsì rẹ̀, ẹ máa ṣi ara yín lọ́nà títí ilẹ̀ á fi ṣú.
- Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ yẹ fóònù náà wò nígbà tó ṣì wà ní pípa: bọ́tìnnì ohùn, bọ́tìnnì títàn, ihò cháàjì, ojú kámẹ́rà lẹ́yìn.

Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra fóònù, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ wá èyí tí ibi ìtẹ̀ka rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, tí ìka lè bá pàdé. Èyí tó wà lábẹ́ dígí kò ní àpá kankan tí ọwọ́ lè mọ̀. Ó ń dá mi lágara.

Títan TalkBack lórí Android

Orúkọ àwọn ojú ewé wọ̀nyí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí òmíràn, àmọ́ ọ̀nà náà kò jìn síra.

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Accessibility, kí ẹ wá TalkBack.
2. Ẹ má tíì tàn án o! Ẹ wá TalkBack shortcut lójú ewé kan náà, kí ẹ tan ìyẹn. Ẹ yan bọ́tìnnì ohùn méjèèjì.
3. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ pa pọ̀, kí ẹ dì wọ́n mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3. Fóònù lè béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dá yín lójú. Ẹ gbà fún un. Ohùn á bẹ̀rẹ̀.
4. Ẹ tún dì wọ́n mú bákan náà. Ohùn á dákẹ́.
5. Ó yá, ẹ gbé fóònù fún ẹni tó ni ín. Kó tàn án, kó pa á, kó tún tàn án, nígbà márùn-ún. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án.
6. Ẹ lọ síbi ètò Text-to-speech, kí ẹ dín ìyára ọ̀rọ̀ kù. Yíyára pọ̀ nínú èyí tó bá fóònù wá fún etí tí kò tíì mọ́ ọn lára.
7. Nínú ètò TalkBack, ẹ wá Tutorial, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibi ìdánrawò wà níbẹ̀ tí kò ti sí ohun tó lè bà jẹ́.

Ṣé ẹ rí ìgbésẹ̀ karùn-ún yẹn? Òun ni mi ò ní jẹ́ kí ẹ fò. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè pa ohùn náà nígbàkígbà kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Tí fóònù bá jẹ́ tuntun tí wọn ò tíì ṣètò rẹ̀ rárá, ẹ gbé ìka méjì lé ojú rẹ̀ níbi tó ti ń kíni káàbọ̀, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, TalkBack á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí kò ríran á sì lè ṣètò fóònù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Títan VoiceOver lórí iPhone

1. Settings, Accessibility, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Accessibility Shortcut tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ yan VoiceOver.
2. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní kíákíá. Lórí èyí tó ní bọ́tìnnì Home, òun ni kí ẹ tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe máa pa á.
3. Nínú ètò VoiceOver, ẹ dín Speaking Rate kù.
4. Fún ìdánrawò, ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ dígí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí ìka bá ṣe lẹ́yìn náà, ohùn á kàn sọ iṣẹ́ tó ń ṣe ni, kò ní ṣí nǹkan kan. Ẹ tún fi ìka mẹ́rin tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti jáde.

Ọ̀rọ̀ kan nípa Yorùbá. Tó bá jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí fóònù, á ka iṣẹ́ tí wọ́n fi Yorùbá kọ bí àlejò tó ń ka ohun tí kò yé e: kò mọ ohùn òkè, kò mọ ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ tètè sọ èyí fún ẹni tí ẹ ń kọ́, kó má rò pé etí òun ló ń ṣe é. Ní tèmi, ẹ̀yìn tí mo bá ti jẹ́ kó ka gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì ni mo máa ń tú u. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń fi ohùn ránṣẹ́.

Ìka: níbi tí gbogbo nǹkan ti yí padà

Tí ohùn bá ti wà ní títàn, ìka tó kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan kò ṣí i mọ́, kíkà ni fóònù máa ka orúkọ rẹ̀. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ló ń ṣí i. Ẹ kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ tó sọ òmíràn.

Ohun tí ẹni tó ń ríran kì í mọ̀ ni pé kò pọn dandan kí èèyàn tẹ orí nǹkan náà gan-an. Mo kọ́ ìyá àgbàlagbà kan rí. Wọ́n fa ìka kiri títí wọ́n fi gbọ́ "Phone", inú wọn dùn, wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìka ti yẹ̀. Fóònù pariwo "Camera". Wọ́n pòṣé. Wọ́n tún wá Phone rí, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, Camera náà tún ni. Mo ní, "Mà, ẹ tún wá Phone rí, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹ lọ tẹ igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì lẹ́ẹ̀mejì." Wọ́n tẹ igun náà, kó-kó. Phone ṣí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ó ń rántí ni?" Ó ń rántí. Ohun tí ohùn kà kẹ́yìn ló wà lọ́wọ́ fóònù, ibi yòówù tí ẹ bá tẹ̀, òun ló máa ṣí.

Àwọn tó yẹ kí ọwọ́ mọ̀ nìyí:

1. Ìka kan, kó máa rìn jẹ́jẹ́ lórí dígí. Fóònù á máa pe orúkọ ohun tó bá bọ́ sábẹ́ rẹ̀.
2. Gbá ìka sí ọ̀tún. Á bọ́ sórí nǹkan tó kàn. Gbá a sí òsì, á padà sẹ́yìn. Tí ẹni náà kò bá mọ ibi tí nǹkan wà, èyí ló máa gbé e débẹ̀ láìṣìnà.
3. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ó ṣí.
4. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìka dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Èyí ló rọ́pò títẹ nǹkan pẹ́.
5. Yíyí ojú ewé: ìka méjì pa pọ̀ lórí Android, mẹ́ta lórí iPhone.
6. Pípadà sẹ́yìn: lórí Android, ìka kan lọ sísàlẹ̀, kó yà sí òsì láì kúrò lórí dígí. Lórí iPhone, ìka méjì, ẹ fi wọ́n ha dígí sọ́tùn-ún sósì bí ẹni kọ lẹ́tà Z.
7. Pípadà sílé: lórí Android, ìka kan lọ sókè, kó yà sí òsì. Lórí iPhone, bọ́tìnnì Home. Tí kò bá ní, ẹ fa ìka kan láti etí ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè títí ẹ ó fi gbọ́ ìró àkọ́kọ́, kí ẹ wá gbé e kúrò.

Tí kò bá ṣiṣẹ́, nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́, ṣé ó ń tẹ dígí mọ́lẹ̀ bíi bọ́tìnnì fóònù àtijọ́? Agbára kò sí níbẹ̀ rárá. Èkejì, ṣé àlàfo àárín ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì gùn jù? Ẹ̀kẹta, ṣé àtẹ́lẹwọ́ tàbí ìka mìíràn wà lórí dígí láìmọ̀? Èyí ló wọ́pọ̀ jù, pàápàá lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ẹ gbé fóònù lé orí tábìlì, kí ọwọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, níbi òkè-kó-tó-yà, ṣé ó gbé ìka sókè ní ìyànà? Tó bá gbé e, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni fóònù gbọ́.

Ètò ẹ̀kọ́ tí kì í dáni lágara

Ọjọ́ kìíní: nọ́ńbà 1 sí 3 nínú àwọn ti ìka nìkan. Kó máa rìn káàkiri àwọn áàpù mẹ́fà yẹn títí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ ipò wọn. Ìdajì wákàtí ti tó. Tí ẹ bá fi kún un, orí á gbóná.

Ìpè ló kàn. Kó pe ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì í. Láti gbé ìpè tàbí láti pa á lórí iPhone, ìka méjì ni kó fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí ọ̀pọ̀ Android tuntun. Ètò kan tún wà nínú Accessibility Android tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì títàn pa ìpè. Ẹ tan ìyẹn. Kò sí ohun tó ń dójú tini bí ìpè tí ẹ rò pé ó ti kú, tí ẹnì kejì ṣì ń gbọ́ yín.

Lẹ́yìn tí ìpè bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ lọ sórí ohùn rírán lórí WhatsApp: kó wá bọ́tìnnì ohùn nísàlẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó dì í mú, kó sọ̀rọ̀, kó gbé ìka. Ó ti lọ.

Lẹ́tà títẹ̀ ni kí ẹ fi sí ìkẹyìn. Ìka á máa rìn lórí kíbọ́ọ̀dù, ohùn á máa pe lẹ́tà. Lórí Android, ìgbà tó bá gbé ìka ni lẹ́tà náà máa wọlé; iPhone lè béèrè pé kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fara dà á lè máa sọ ọ̀rọ̀ kí fóònù kọ ọ́, àmọ́ kó lo íápíìsì, torí ohùn fóònù fúnra rẹ̀ lè gba ẹnu máíkì wọ inú ìwé tó ń kọ. Ẹni tó bá sì mọ ìwé Braille, ìwé alámì tí wọ́n ń fi ìka kà, dáadáa ti borí gbogbo wa: kíbọ́ọ̀dù Braille alámì mẹ́fà wà nínú TalkBack àti nínú iPhone, ó sì yára ju ti lẹ́tà lọ fíìfíì.

Ohun tí ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ máa ń ṣe tí kò dáa

Gbígba fóònù. "Gbé e wá kí n bá ẹ ṣe é kíá." Tí ẹ bá máa fọwọ́ kàn án rárá, ẹ di ọwọ́ *rẹ̀* mú, kí ìka rẹ̀ ló rìn.

"Ibí yìí." "Níbẹ̀ yẹn." Ta ló ń rí ibẹ̀? Ẹ sọ pé "ìlà kejì, àkọ́kọ́ láti òsì".

Pípa TalkBack láti tètè tún nǹkan ṣe, kí ẹ wá gbàgbé láti tàn án padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó jáde lọ, fóònù mi di pákó. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi rò pé ó ti bà jẹ́, èmi tí mo mọ bọ́tìnnì méjèèjì yẹn bí ẹní mowó!

Ṣíṣí áàpù nípò padà. Àga ni, nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ má gbé e.

Èyí tó kẹ́yìn kan gbogbo ẹbí: ìwé ìpè tí wọ́n ya sí àwòrán, tí wọ́n jù sínú gúrúùpù. Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ kò ju "photo" lọ. Ẹ tẹ ọjọ́, àkókò àti ibi ayẹyẹ sí abẹ́ rẹ̀. Lórí Facebook, Instagram àti X, àyè wà láti kọ àlàyé àwòrán tí ohùn á kà.

Owó àti ọ̀rọ̀ aṣínà

- Íápíìsì dandan ni nígbà tó bá ń wo owó. Ohùn fóònù kò mọ àṣírí.
- iPhone lè bo ojú rẹ̀ dúdú pátápátá nígbà tí ohùn ń bá iṣẹ́ lọ: ìka mẹ́ta, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí ẹ bá ti tan Zoom, ètò tó ń sọ ojú iPhone di ńlá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ẹni tó jókòó tì í nínú mọ́tò kò ní rí nǹkan kan.
- Kó fi ìtẹ̀ka rọ́pò nọ́ńbà àṣírí níbi tí áàpù bá ti gbà á.
- Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣètò rẹ̀. Ẹ yíjú sẹ́yìn nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Àìríran kò sọ owó ẹni di owó ẹbí.
- Áàpù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò lórúkọ, tó kàn ń wí pé "button, button", léwu fún owó fífi ránṣẹ́. Ẹ lè sọ bọ́tìnnì lórúkọ fúnra yín: lórí TalkBack, ẹ fa ìka sísàlẹ̀ kó yà sí ọ̀tún láti ṣí àtòjọ rẹ̀, kí ẹ wá label. Lórí VoiceOver, ìka méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ dì í mú.

Tí ojú bá ṣì ń rí díẹ̀

Ẹ má sáré lọ sí TalkBack. Nínú Accessibility kan náà, ẹ gbìyànjú lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kíki, àwọ̀ tó yàtọ̀ síra gan-an, ojú dúdú tó ní lẹ́tà funfun. Magnification á sọ ojú fóònù di ńlá. Select to Speak lórí Android á ka kìkì ohun tí ẹ bá yàn, fóònù á sì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ojú ṣe é láàárọ̀, wọ́n á wá tan ohùn nírọ̀lẹ́ tí ojú bá ti rẹ̀ wọ́n.

Kámẹ́rà tó ń bá wọn wò ó

Be My Eyes, tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark ní ọdún 2015, máa ń so ẹni tí kò ríran pọ̀ mọ́ olùyọ̀ǹda tó ń ríran, kó lè bá a wò ó láti inú kámẹ́rà. Seeing AI ti Microsoft àti Lookout ti Google máa ń ka ìwé, wọ́n sì ń sọ ohun tó wà níwájú kámẹ́rà. Mò ń lo irú wọn láti mọ agolo wo ni mo mú. Mi ò jẹ́ gba ẹ̀rọ gbọ́ lórí iye oògùn tó yẹ kí n lò tàbí lórí títì tó yẹ kí n sọdá, torí ó lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá lójú. Káàdì àti ìwé owó kò gbọ́dọ̀ wà níwájú kámẹ́rà náà nígbà tí àlejò ń wò.

Kọ̀ǹpútà, ní ṣókí

Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, bọ́tìnnì Windows àti Enter pa pọ̀, Narrator á sọ̀rọ̀. Lórí Mac, Command àti F5. Fún iṣẹ́ gidi lórí Windows, NVDA, ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síni létí, ni mo fara mọ́: ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí kò ríran ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2006, ẹ sì lè gbé e sórí fláàṣì kí ẹ fi lo kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Ctrl ń pa á lẹ́nu mọ́. Insert pẹ̀lú Q ń tì í pa. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, H á gbé yín láti àkọlé dé àkọlé, K láti líǹkì dé líǹkì. Ẹ ju máòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Tó bá dà rú

- *Ohùn dákẹ́, ìka kò sì ṣí nǹkan.* Ohùn ṣì wà ní títàn, gbígbọ́ ni kò sí. Ẹ fi ìka kan kan dígí kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì ohùn sókè. Lórí iPhone, ìka mẹ́ta tí ẹ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún un ṣe.
- *Ojú fóònù dúdú, ohùn ń sọ̀rọ̀.* Kò bà jẹ́. Ẹnì kan ti bo ojú rẹ̀. Lórí iPhone, ìka mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
- *Ó ń pe lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan dípò ọ̀rọ̀.* Ọ̀nà ìkàwé ti yí. Lórí Android, ẹ gbá ìka mẹ́ta sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ èyí tí ẹ fẹ́. Lórí iPhone, ẹ yí ìka méjì lórí dígí bí ẹni ń yí ọmọrí ìgò.
- *Dígí ti tì, kò fẹ́ ṣí.* Lórí Android, ìka méjì ni kí ẹ fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kì í ṣe ọ̀kan.
- *Ẹ̀yin tí ẹ ń ríran bá ara yín nínú TalkBack, ẹ ò mọ ọ̀nà àbájáde.* Bọ́tìnnì ohùn méjèèjì, ẹ dì wọ́n mú. Tí ẹ bá ti ṣe tán, ẹ tàn án padà kí ẹ tó gbé fóònù náà sílẹ̀.